Ìlú tí Dọ̀kásì ti Jọba

Dọ̀kásì ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí, Àbẹ̀ní, ìwọ náà mọ̀. Ẹnì kan kọ lẹ́tà aláìlórúkọ nípa mi, ni wọ́n bá fi Dọ̀kásì ṣe ọ̀gá ilé-ìwé wa dípò mi. Ogójì ọdún ni mo fi ń bi í, ó ní òun kọ́.

Lánàá mo lálàá pé ó jọba ní ilẹ̀ kan tí odi yí ká, tí kò ní ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ bí mo ṣe wọlé. Níbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń kẹ̀yìn síra wọn sọ̀rọ̀, nítorí àṣírí ìjọba ni ojú èèyàn. Ọrùn rẹ̀ kúkúrú yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó dé adé, ó wọ bàtà tí à ń wọ̀ lọ sí kíláàsì.

Mo kẹ̀yìn sí i. Mo ní, “Dọ̀kásì, ta ló kọ lẹ́tà yẹn?”

“Kábíyèsí ni kí o pè mí.”

Àbẹ̀ní, mo pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí láti àárọ̀ nìyẹn.

Ó wá ní, “Èmi ni mo kọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ àṣírí ìjọba kì í jáde níbí mọ́. Ṣé o ti jẹun?”