Òbúkọ Tí Bùkọ́lá Yà

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2025, Bùkọ́lá Adébísí kú ní ìlú Ẹdẹ. Òun nìkan ṣoṣo ni àwọn òbí rẹ̀ bí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ kan nínú oṣù Keje ọdún náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ tún kú lójú bàbá rẹ̀.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé kan ń rìn láti apá òsì ojú kọ̀ǹpútà lọ sí apá ọ̀tún. Jacob Adébísí tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ọ̀pá náà kọjá ìdajì. Ó ń lọ, ó ń lọ. Bó ṣe ku díẹ̀ kó kan etí kejì, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, lẹ́tà funfun tò síbẹ̀ wìtìwìtì, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ ṣú.

"Ó tún ti lọ," ni Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rí i."

"Mi ò ní ẹ ò rí i, Bàbá Bùkọ́lá. Mo kàn ní ó tún ti lọ ni."

Òbúkọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tí kò rí ọ̀nà jáde. Iṣẹ́ ọnà ni Bùkọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹdẹ. Fún odidi ọdún kan, òun àti àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹfà báyìí jọ ń ya eré òbúkọ kan tó ní òun ò gba okùn lọ́rùn mọ́. Àwọn ọmọ ya òbúkọ, Bùkọ́lá mú kó rìn. Ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí kọ̀ǹpútà rán gbogbo ègé eré náà pọ̀ di fídíò kan tó ṣe é gbé lọ síbòmíràn. Iṣẹ́ tó wúwo ni, ẹnu rẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà sì ti máa ń kú.

Bùkọ́lá ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ náà pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń jáde ilé ìwé ni wọ́n máa rí òbúkọ wọn. Ọjọ́ náà pé lónìí. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ́ dé báyìí, gbọ̀ngàn ilé ìwé yóò kún. Bó bá di ọ̀la, wọ́n á ti túká: òmíràn á gba Òṣogbo lọ, òmíràn á padà sí oko òbí rẹ̀ ní Ara tàbí Awo, kò sì sẹ́ni tó lè kó wọn jọ mọ́. Ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, ti rọra bi Jacob bóyá kí wọ́n fi ti fídíò náà sílẹ̀. Jacob ní, "A máa fi hàn." Kì í sì í ṣe ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ méjì.

Ohun mìíràn wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ni òbúkọ náà. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ọkùnrin tí àwọn ọmọ àdúgbò máa ń pa ẹnu mọ́ fún bó bá ń kọjá. Síbẹ̀ Bùkọ́lá gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú ẹnu rẹ̀, ó ní kó ka ọ̀rọ̀ òbúkọ, kó sì ké bí òbúkọ. Ó ní nínú gbogbo ohùn tóun mọ̀, ti bàbá òun nìkan ló le tó ti ẹran tí kò gbọ́ràn. Nígbà tí Jacob bi í pé báwo ni ọ̀rọ̀ òbúkọ náà ṣe parí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá rí i lẹ máa rí i, Bàbá." Jacob kò sì tíì rí i títí di òní.

Alùpùpù kan dúró níta. Aqeelah wọlé pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ̀nà ọjà, obìnrin kékeré tó gboyè lórí ẹ̀rọ, tí kò sì lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"O pẹ́," ni Jacob wí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀kadà tó gbé mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni adìyẹ dá a dúró lójú ọ̀nà."

Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín. Jacob fa àga fún un.

Ó jókòó, ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìbéèrè. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ó tó oṣù méjì. Ṣé ó máa ń kú bí wọ́n bá kàn tàn án sílẹ̀? Rárá, àfi bí iṣẹ́ bá wúwo.

"Kí lẹ wá yí padà nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá?"

Ìdí ẹ̀rọ tí ń fa omi ni Jacob ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá ya olórí kunkun, ohun tí ọwọ́ rẹ bá yí kẹ́yìn ni kó o kọ́kọ́ dá padà. Ó mọ ìbéèrè náà dáadáa. Ó mọ ìdáhùn rẹ̀ pẹ̀lú.

"Kò sí," ni ó wí.

Aqeelah wò ó díẹ̀, ó sì tú ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà. "Háà! Eruku ibí yìí tó gbin ẹ̀fọ́ o, Màmá."

"Gbìn ín, ọmọ mi. Ẹ̀fọ́ ti wọ́n lọ́jà."

Ó fẹ́ eruku náà kúrò, ó yẹ fáànù wò, ó tún ẹ̀rọ náà tàn. Ọ̀pá ewé tún gbéra. Búlúù. Ó pààrọ̀ wáyà iná. Búlúù. Bó ṣe fẹ́ tún un gbìyànjú ni iná ìjọba lọ, gbogbo àdúgbò sì hó "ààà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Jacob jáde, ó lọ fa jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó fà á títí tó fi dáhùn. Fóònù rẹ̀ ń dún nígbà tó padà wọlé. Ọlátúnjí ni.

"Díákónì, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ yìí ò tiẹ̀ dúró de ìgbà tá a dá o. Ẹ gbọ́ wọn."

Ohùn wọn ya wọlé látinú fóònù bí òjò lórí páànù: "Ò-bú-kọ! Ò-bú-kọ!"

Jacob gbé fóònù kúrò létí, ó sì yíjú sí Aqeelah. Ọmọbìnrin náà ti ki orí bọ inú àpótí kọ̀ǹpútà, ó tan iná fóònù rẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá, mẹ́mọ́rì mẹ́rin ló wà níbí."

"Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Àpèkẹ́ bèèrè.

"Àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, Màmá. Bí tábìlì télọ̀ ló rí. Orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó bá ń ṣe lọ́wọ́ sí. Méjì dúdú, wọ́n ti wà níbẹ̀ pẹ́, eruku ti bò wọ́n. Àmọ́ méjì pupa yìí mọ́ tónítóní." Ó gbójú sókè. "Ta ló fi wọ́n sí i?"

Jẹnẹrétọ̀ ń kùn níta.

"Èmi ni," ni Jacob wí.

Òun ló rà wọ́n fún Bùkọ́lá ní Kérésìmesì. Ọmọ náà ti ń kùn pé kọ̀ǹpútà òun ń falẹ̀, ni bàbá rẹ̀ bá wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, ó ka orúkọ ara pátákó fún ẹni tó ń tà á, ó sì ra méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà. Bùkọ́lá kúnlẹ̀ gbà á. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dára púpọ̀, Bàbá." Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Jacob rí méjèèjì nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, Bùkọ́lá ti fi aṣọ ìnujú wé wọn. Ó rò pé àìsàn ni kò jẹ́ kó rí i fi sí i. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tú kọ̀ǹpútà náà, ó sì fi ẹ̀bùn rẹ̀ síbi tó yẹ kó wà.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó," ni Aqeelah wí. Ó yọ pupa, ó fi dúdú nìkan sílẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ ìdánwò kan fún ẹ̀rọ náà, èyí tó le. Kò kú. Ó yọ dúdú, ó fi pupa nìkan sí i. Kò kú.

Jacob sún mọ́ ọn. "Kò bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́ rárá, Bàbá. Ọjà gidi lẹ rà." Ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí i. Wọn ò tíì mí dáadáa tí búlúù fi dé.

"Orúkọ kan náà ló wà lára wọn," ni Jacob wí. Ohùn rẹ̀ le.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọn ò jọ jáde pọ̀. Méjì méjì ni wọ́n ń dì wọ́n nílé iṣẹ́, torí wọ́n ti dán àwọn méjì náà wò pọ̀. Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fara dà á. Bó bá wúwo, eré wọn ò ní dọ́gba mọ́. Èyí á ti jù ú, èyí ò tíì na ọwọ́." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Èyíkéyìí nínú méjèèjì ló lè ṣe iṣẹ́ náà. Ewo ni kí n fi sílẹ̀?"

Jacob wo pupa. Ó fẹ́ sọ pé pupa. Ó fẹ́ kí ohun tóun rà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ọmọ òun, lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti lanu.

"Ó ti fi wọ́n sí i rí," ni Àpèkẹ́ wí.

Jacob yíjú sí i.

"Alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fún un ló fi wọ́n sí i, Bàbá Bùkọ́lá. Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rò pé ọmọ yẹn á ya wèrè. Iṣẹ́ tó bá ṣe, á sọnù. Ìgbà tó yọ wọ́n ni ara ẹ̀rọ yìí balẹ̀. Ó ní, 'Màámi, ẹ má sọ fún Bàbá o. Wọ́n á tún lọ bọ́ sọ́kọ̀ Òṣogbo pé àwọn ń lọ pààrọ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n.' Mi ò mọ̀ pé ẹ ti dá a padà síbẹ̀. Ǹ bá sọ."

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Jacob ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò mọ̀ pé ọmọ náà gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, èyí tí kò ráhùn rẹ̀ sétí ẹnikẹ́ni rí nínú ilé náà.

"Dúdú," ni ó wí. "Bó ṣe fi í sílẹ̀ ni kó o dá a padà sí."

Ọ̀pá ewé gbéra. Kò sẹ́ni tó jókòó. Ó dé ìdajì. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, Àpèkẹ́ sì di ọwọ́ Aqeelah mú. Ó dé ibi tó ti máa ń kú. Ó kọjá ibẹ̀.

"Máa bọ̀," ni Àpèkẹ́ ń wí fún kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, "máa bọ̀, má wẹ̀yìn, máa bọ̀..."

Ọ̀pá kan etí.

Aqeelah fò sókè. "Àlùhámúdù lílàhì!" Àpèkẹ́ hó tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé kejì fi bèèrè láti ojú fèrèsé pé ta ló bímọ.

"Gbé e sínú fláàṣì," ni Jacob wí. Ohùn rẹ̀ dúró déédéé.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé, nítorí ẹsẹ̀. Ó gun ọ̀kadà. Aqeelah jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo pé kí wọ́n yàgò, kí wọ́n yàgò, òbúkọ ń bọ̀. Àpèkẹ́ sì wà lórí òmíràn lẹ́yìn wọn, ó ń di gèlè rẹ̀ mú. Àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí yà fún wọn, wọ́n ń bi ara wọn bóyá Díákónì Adébísí lèyí.

Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé gbọ̀ngàn. Kò sí àga mọ́. Jacob jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú, láàárín àwọn ọmọ. Àwòrán tàn sára ògiri. Òbúkọ yọ, ìwo rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ó já okùn, ó sì ké. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òbúkọ jẹ iṣu onílé, ó jẹ fìlà ìmáàmù, ó jẹ ìwé orin àwọn akọrin, ó ń bú gbogbo ìlú bó ṣe ń lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan ń wá a kiri, ohùn Bùkọ́lá ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àpèkẹ́ fi ìborùn bo ẹnu. Jacob ò mira.

Níkẹyìn, ó rẹ òbúkọ. Ó dúró ní ìkóríta kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà dé. Kò mú okùn dání. Ó kàn dúró tì í. Òbúkọ wúkọ́, ó fi ìbínú wí pé, "Ṣé ó ti tó báyìí?"

Jacob mọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí nínú ohun tí Bùkọ́lá ní kó kà. Òun ló sọ ọ́ tìbínú-tìbínú lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó rò pé ọmọ náà ti pa ẹ̀rọ, tó sì fẹ́ dìde lọ jẹun. Gbogbo rẹ̀ ni Bùkọ́lá gbà sílẹ̀, àti ikọ́ bàbá rẹ̀. Kò yọ nǹkan kan kúrò.

"Ó ti tó, Bàbá," ni ohùn Bùkọ́lá dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ọmọbìnrin ṣíwájú, òbúkọ tẹ̀ lé e.

Ariwo tó sọ kò ṣe é fẹnu sọ. Ọmọ kan tó dá ohùn Jacob mọ̀ ló kọ́kọ́ yíjú wò ó, ó sì ké pe ẹnì kejì: "Bàbá yìí ni òbúkọ!" Ni gbogbo wọn bá yí i ká. "Ẹ ké e, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké e!" Ọlátúnjí dìde láti lé wọn. Jacob gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró. Ó wo òrùlé. Ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe.

Ó ké e.

Wọ́n jáde pẹ̀lú igbe òbúkọ lẹ́nu, gbogbo wọn, sínú oòrùn, wọ́n gba ọ̀nà ilé kálukú wọn lọ. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn nìyí: ẹsẹ̀ bàtà kan, ti òsì, fìlà ìkírun kékeré lórí fèrèsé, ọ̀rá omi tí wọ́n ti fà gbẹ, èèpo ẹ̀pà, pẹ́ńsùlù tí eyín ti jẹ nídìí, ìlẹ̀kẹ̀ irun, pupa àti funfun, àti bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, tí eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tí kò tíì fẹ́ dìde.