Ìnujú Ààbò Tí Mo Fọ̀

Èmi òmùgọ̀ ni mo fọ̀ ọ́. Kí ẹlòmíràn tó bá mi rò ó, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń fọṣọ. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmú mi sì ti sọ̀kalẹ̀ wá bá ìdodo ṣọ̀rẹ́.

Àmírì Altunbay, balógun tó ń ṣàkóso ìlú wa, ti ilé ìwẹ̀ dé, ó bọ́ aṣọ jù sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà sínú ọpọ́n, mo fi ọṣẹ gbo ó. Kí n tó kọrin dé ìdajì, omi ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ àgbò Iléyá. Mo fa aṣọ pélébé kan jáde. Yéè, ìnujú ààbò aláwọ̀ ìyeyè ni! Èyí tí Súlútánì fi ránṣẹ́ láti Káírò lánàá, pé kí Àmírì so ó mọ́rùn wá jẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ló lọ sọ fún Súlútánì pé ó ń wojú ìtẹ́. Ṣòkòtò àwọ̀sábẹ́ Àmírì tó funfun tẹ́lẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ká mọ́ ojú ogun. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kí ẹ̀rù tó bà mí.

"Ẹ̀jẹ̀!" Yalbay, akọ̀wé Àmírì, ló pariwo. "Ìyá Sunbul, ẹ ti pa wá!"

"Ẹ̀jẹ̀ níbo? Ajó ni, ojo! Ajó, gbòǹgbò aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀. Bí ọṣẹ bá ti kàn án, á pọ́n."

Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Kí wọ́n tó tà mí sí ìlú Kárákì níbí, ọdún méje ni mo fi fọṣọ láàfin Káírò. Wọn kì í fi ajó pa aṣọ Súlútánì láró. Ojúlówó ìnujú ló ń dá ẹ̀mí sí. Ẹni tó bá so ayédèrú lọ, orí rẹ̀ nìkan ló ń padà wálé.

Àtàná ni Àmírì ò ti lè jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí wọ́n di ẹṣin ní gàárì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí wọ́n tú u. Ẹni tí wọ́n tà lọ́mọdé bí ewúrẹ́, tó gba ìlú mẹ́fà, tó gbẹ́ kànga tí gbogbo wa ń mu, búrẹ́dì gbẹ síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?" Àmírì ti gbọ́ ariwo, ó jáde wá bá wa.

"Ọmọ mi, ojú mi lè purọ́, ọwọ́ mi kì í purọ́. Ayédèrú ni, àbí kó jẹ́ pé aláró ààfin ti di olè, ó fi ajó rọ́pò àwọ̀ gidi."

"Ẹ ò gbọ́?" Yalbay ní. "Ẹ jẹ́ ká ti ìlẹ̀kùn odi!"

"Kí ọmọ ogun Káírò dó tì wá? Mo ti dó ti ìlú rí, Yalbay. Ìwọ ò tíì rí ìyá tó ń se bàtà fọ́mọ jẹ."

Ó rìn dé ìdí kànga, ó padà, ó tún lọ. Lójijì, ó já ìnujú náà gbà lọ́wọ́ mi ní tútù, ó so ó mọ́rùn. Omi pupa ń ṣàn sí i láyà.

"Ẹ di ẹṣin."

Ó gùn ún. Ìránṣẹ́ Káírò tó mú ìnujú wá ti ń dúró lẹ́nu odi. Mo dúró bí ọ̀bọ, ṣòkòtò ń ro tótó lọ́wọ́ mi. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ìyá Sunbul, ọjọ́ wo ni kí n wá gba ṣòkòtò mi?"