Kànga Tó Di Ẹrù Rẹ̀

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án àná ni mo lá àlá náà, orí ẹní tí ẹ jókòó lé yìí gan-an ni mo sì sùn sí. Èkuru ni mo jẹ. Ẹ kúkú mọ ìwà mi, èmi Bùsàrí kì í mu omi sí èkuru àfi tí mo bá jẹ ẹ́ tán. Oorun sì gbé mi lọ kí n tó débi omi. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi mi ni, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Mo kàn rí i pé mo wà lórí ràkúnmí láàárín aṣálẹ̀. Iyanrìn lọ́tùn-ún, iyanrìn lósì. Ràkúnmí náà wọ jígí ojú, ó ń kùn pé àwa tí a ti fi ọkọ̀ kó àlùbọ́sà rí, a ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí nǹkan ẹlẹ́mìí. Wọ́n so iyọ̀ òkúta kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ náà ní, "Bùsàrí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ahọ́n kàn mí o. Òǹgbẹ á pa yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn gidi ni.

Ìlú tí a dé ni wọ́n ń pè ní Tíngarà. Omi sun jáde láàárín iyanrìn níbẹ̀, igi dàbínù sì hù yí i ká. Láti ayébáyé, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kó iyọ̀ bọ̀ láti àríwá àti àwọn tó ń kó obì lọ láti gúúsù ti máa ń pàdé. Ẹni tó bá fo ìlú yẹn láìmu omi, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan tó fi láwàní bo imú pàdé mi lẹ́nu bodè. Agáli lorúkọ rẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀, àlá ni. Mo kí i, ó kí mi, àmọ́ kò béèrè ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹ má bínú, àlejò," ó ní. "Àṣà ìlú wa ni. A kì í bi èèyàn lórúkọ àfi tó bá ti mu omi. Òǹgbẹ kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ẹni tó jẹ́."

"Ẹ bu omi wá nígbà náà."

"Kò sómi. Kànga wa ti di ẹrù rẹ̀."

Lóòótọ́ ni. Kànga náà jókòó sábẹ́ igi dàbínù kan. Ó ti ká okùn rẹ̀, ó dé garawa bíi fìlà, ó sì di gbogbo omi rẹ̀ sínú ìdì kan. Lẹ́yìn odi ìlú, iyanrìn ká ẹní sábẹ́ apá, ó rọra ń kanlẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti lọ? Kí n máa kó wọlé?"

Agáli ní kò tíì lọ. Ó yíjú sí mi. "Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó ń lọ nìyẹn. Ibí ni mo sin bàbá mi sí. Ibí ni bàbá mi sin bàbá tiẹ̀ sí. Níbo ni mo fẹ́ kó ibojì lọ?"

Ó fẹ́ sunkún, omi ojú ò sí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú àlá ni mo wà, àmọ́ àánú yẹn kì í ṣe ti àlá.

Mo lọ bá kànga. "Ẹ̀yin àgbà, kí ni wọ́n ṣe yín?"

"Àwọn tó mu mí ò lóǹkà," ó ní. "Ẹni tó gbẹ́ mi ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni bá lè dárúkọ rẹ̀ fún mi, màá tú ẹrù mi."

Agáli ní iṣẹ́ Ọ́fíìsì Ìtàn Ìlú nìyẹn. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè àwọn igi, okùn ni wọ́n fi dè é kí atẹ́gùn má gbé e lọ. A fà á wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọ̀gá kan yọjú, ó tún láwàní ṣe, ó wúkọ́. "Ọba wa àkọ́kọ́ ló fi ọwọ́ ọlá rẹ̀ gbẹ́ kànga yìí..." Kò sọ ọ́ tán tó fi di ewúrẹ́. Ọ̀gá kejì ní rárá o, bàbá ọba ni. Ewúrẹ́ lòun náà dà. Ẹ̀kẹta ní òun ò lè sọ pé ọba ni, òun ò sì lè sọ pé ọba kọ́, ni irùngbọ̀n ewúrẹ́ nìkan bá hù ní tiẹ̀. Mo bá wọn di okùn ọrùn wọn mú kí wọ́n má lọ jẹ ewéko onílé. Iṣẹ́ ìjọba ṣáà ni.

Igi dàbínù tó dàgbà jù níbẹ̀ ló wá là á yé wa.

"Obìnrin ni," ó ní. "Iyanrìn nìkan ló wà níbí nígbà náà. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ ṣìnà, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ de ikú. Ó ní òun ò ráyè ikú. Ó fi igbá gbẹ́lẹ̀ títí omi fi yọ. Ó bu fún èèyàn, ó bu fún ràkúnmí, ó bu fún èmi náà tí mo jẹ́ kóró tí ẹnì kan tu dànù. Bó ṣe ní kóun gbé tòun sẹ́nu, àwọn oníyọ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní kí àlejò kọ́kọ́ mu. Àwọn oníyọ̀ lọ, àwọn olóbì dé. Wọ́n kọ́lé, wọ́n mọ odi, ọjà dé, mọ́ṣáláṣí dé. Ogun tó fẹ́ kó ìlú pàápàá dé, òǹgbẹ gbẹ wọ́n, àwọn náà mu. Òun ló ń bu. Lọ́jọ́ tó kú, igbá rẹ̀ ṣì kún lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ṣé ó mu ni? A kì í bi ẹni tí kò tíì mu."

Háà! Mo figbe ta. Gbogbo ìlú ń mu, wọn ò sì lè béèrè orúkọ ẹni tó ń bu fún wọn! Mo kọjú sí kànga. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ yín."

Ojú ti kànga. "Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bi àgbà lórúkọ?"

Oòrùn ti ń wọ̀. Iyanrìn ti ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga, mo sì rí obìnrin náà. Ó jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, igbá kíkún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá," mo ní, "ẹ mu omi."

"Àwọn àlejò ńkọ́?"

"Wọ́n á dúró. Èmi gan-an ni àlejò, mo sì ń dúró."

Òǹgbẹ ń pa mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, àmọ́ mo sọ ọ́. Ó wò mí títí, ó wá gbé igbá sẹ́nu. Gbogbo ìlú na ọrùn wo inú kànga, títí kan iyanrìn. Ó mu, ó nu ẹnu, ó ní, "Orúkọ mi ni..."

"Mẹ̀ẹ́!" ni ewúrẹ́ ké.

Mo lajú. Ewúrẹ́ Àlímì aládùúgbò wa ló ń jẹ fìlà mi lórí ẹní. Ọ̀fun mi gbẹ, èkuru há síbẹ̀. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé dúró tì mí, wọ́n gbé kọ́ọ̀bù omi dání. Gbogbo yín kúkú mọ̀ wọ́n. Àwọn àti ọkọ wọn tó ti kú ló gbẹ́ kànga tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ilé wo ládùúgbò yìí ni kì í mu níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

"Bùsàrí, omi lo ń pariwo lójú oorun," wọ́n ní. "Gbà, mu."

Mo gbà á, mo gbé e dé ẹnu, ọwọ́ mi kọ̀. Mo dá a padà fún wọn. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mu, Ìyá."

"Èmi kẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan o?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n jókòó, wọ́n sì mu ún tán láìmí. Òǹgbẹ ti ń gbẹ wọ́n látàárọ̀, mi ò mọ̀.

Mo wá bi wọ́n. Ojú tì mí púpọ̀, nítorí ta ni í bi àgbà lórúkọ? "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè yín nílé yín?"

Wọ́n wo inú kọ́ọ̀bù tó ti ṣófo. "Ó mà ti pẹ́ o," wọ́n ní. Ohùn wọn ti yí padà. "Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè mí."

Wọ́n fẹ́ dìde lọ fa tèmi wá. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo gba garawa, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ fúnra mi. Ẹ̀yin lẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù, àmọ́ kí n tó fa omi, mo kọ́kọ́ wò ó bóyá okùn kànga ṣì wà níbẹ̀.