Ọ̀rọ̀ Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Ìlà Ẹ̀yìn

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ń dákẹ́ ni: ẹni tó bá ń jà fitafita pé kí wọ́n má wó ilé àtijọ́, ara rẹ̀ ló ń gbèjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Olóhùn-iyọ̀. Àgbà òṣèré ni, ọba ló sì máa ń ṣe nínú eré. Adé páálí ti jẹ irun iwájú orí rẹ̀ tán. Nígbà tó gbọ́ pé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó gbọ̀ngàn eré fẹ́ wó o kí wọ́n kọ́ èyí tó bágbà mu, ṣe ló dà bíi pé òun ni wọ́n fẹ́ sin láàyè. Èyí tó wá dùn ún wọ eegun ni pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ya àwòrán ilé tuntun náà.

Gbọ̀ngàn ọ̀hún ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ lóòótọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á gbé korobá sórí ìtàgé, àwọn òṣèré á sì máa yà fún un bí ẹni ń yà fún àgbàlagbà.

“Bàámi, mo gòkè lọ wo igi àjà,” ọmọ náà sọ níwájú ìgbìmọ̀. “Gbogbo ọwọ́ mi ló wọ ibi tó ti là. Ọjọ́ tó bá já, orí àwọn òǹwòran ló ń bọ̀.”

“Igi yẹn ti là kí n tó bí ẹ. Abẹ́ rẹ̀ náà lo dàgbà sí.”

“Orí ló kó mi yọ, Bàámi.”

Ìyá Aṣọ, tó ń rán aṣọ eré, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Ẹ dá ọmọ lóhùn o, Olóhùn-iyọ̀.”

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Ó dìde. “Nínú ilé yìí, bí mo bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí ìtàgé, ẹni tó wà ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá á gbọ́, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èwo nínú ilé ìgbàlódé yín ló lè ṣe é?”

Alága ìgbìmọ̀, tó ti ń wo eré rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n, gbá ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó ti ń wá ibi sá sí. “Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Tá a bá gbọ́ yín lẹ́yìn, a ó nawọ́, ilé dúró. Tá ò bá gbọ́, ẹ gbà kó lọ.”

“Igi ló là, ohùn lẹ fẹ́ dán wò?” ọmọ náà béèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dìde.

Ìgbìmọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n pa fáànù. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó di àwòrán rẹ̀ mú. Olóhùn-iyọ̀ bọ́ sí àárín. Ọ̀rọ̀ ìdágbére ọba tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sórí ló yàn: “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ọ̀nà jìn.” Ohùn náà ti ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dún yìí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá já a kulẹ̀ lónìí, ilé lọ, òun náà lọ. Pákó dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dijú, ó fa èémí.

Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, alága na ọwọ́ sókè. Àwọn yòókù ń wojú rẹ̀. Wọ́n na tiwọn náà.

“Ketekete,” ni alága wí, ó ń nu ojú. “‘Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi.’ Bíi pé létí mi gan-an ni. Orí mi wú. Ó parí, ilé dúró.”

Ọmọ rẹ̀ ń wo ẹnu bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Ta ni yóò dójú ti bàbá rẹ̀ ní gbangba? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán rẹ̀.

Ó yẹ kí Olóhùn-iyọ̀ tẹríba, kó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Láti ọjọ́ tó ti ń gun ìtàgé, wọn kò fojú tín-ín-rín wò ó tó báyìí rí. Ó na ọwọ́ síta bí ọba tó ń pa ìlú lẹ́nu mọ́.

“Ẹ ní sùúrù ná,” ó wí. “Mi ò tíì sọ̀rọ̀.”