Apá Kejì Orin Kropáč

"Ẹ bá mi yọ apá kejì yẹn kúrò, Tíṣà," ni Radovan, alága ìlú Lhotice, wí. Iwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró sí, tó ń wo fóònù rẹ̀. "Àwọn àlejò wa láti Prague ò lè jókòó pẹ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti wà lórí iná, bíà ti tutù. Bí ẹ bá ti lu apá kìíní tán, ẹ fò bọ́ sí ti ìparí, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, ká lọ jẹun."

Blažena rọra gbé ọ̀pá tín-ín-rín tó fi ń darí orin sílẹ̀, kó má baà fi nà án.

"Radovan, ta ló kọ́ ọ ní fèrè?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Mo kọ́ ọ títí, o ò mọ̀ ọ́n fọn. Mo ṣe bí ètè rẹ ló le ni. Èmi ò mọ̀ pé etí ni o ò ní!"

Bohouš alápatà, tó ń fọn ìwo idẹ nínú ẹgbẹ́ wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Alága, ẹ fara balẹ̀. Èmi ni mo pa ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún. Kò kánjú mọ́."

Radovan ò rẹ́rìn-ín. "Àwọn àlejò yìí ni yóò fọwọ́ sí àtúnṣe òrùlé tó ń jò sí yín lórí yìí. Kropáč ti kú tipẹ́, kò ní jí wá bá wa jà." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí Blažena gidigidi. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ni Matouš Kropáč ti kọ́ gòjé láyé àtijọ́. Aṣọ ìránṣẹ́ ló ń wọ̀ nílé ìjòyè kan; á gbé abọ́ oúnjẹ fún àwọn ará ilé náà tán kó tó ta gòjé fún wọn. Ó sá lọ sí Paris, ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ àwọn simfóní rẹ̀ jáde, àwọn orin gígùn alápá púpọ̀ bí èyí. Ìgbà tí ìyàwó tó fi sílẹ̀ ní Lhotice kú ló kọ apá kejì yìí. Òǹtẹ̀wé ní orin ọ̀fọ̀ kì í tà, ó gé e dànù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé sì ṣe ń lu orin náà títí dòní. Odindi rẹ̀ tí Kropáč fọwọ́ kọ ránṣẹ́ sílé wà lókè àjà ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ ìgbẹ́ eku, títí Blažena fi gun òkè lọ gbé e. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń bá a lù ú, kò sẹ́ni tó wà láàyè tó tíì gbọ́ ọ.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé," ló ń kùn, "tí wọ́n fẹ́ pa ọkùnrin yìí lẹ́nu mọ́. Nílé bàbá rẹ̀!"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn àlejò jókòó. Òórùn òdòdó igi lípa ń gba ojú fèrèsé wọlé, bó ti máa ń rí níbẹ̀ lóṣù Kẹfà, òórùn ẹran sísun sì ń tẹ̀ lé e. Radovan wà níwájú. Ó fi ìka méjì ṣe bí ẹni ń gé nǹkan.

Blažena kọ ẹ̀yìn sí i. "Ẹ ṣí apá kejì," ló sọ jẹ́jẹ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀.

"Apá kìíní wá ńkọ́?" ni Bohouš béèrè.

"Ẹni tí ebi ò bá pa ni yóò gbọ́ ìyẹn."

Ó gbé ọwọ́ sókè. Àwọn gòjé wọlé, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń pe orúkọ ẹnìkan nínú yàrá tó ṣófo. Ó gbọ́ tí àga kan dún lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ dìde. Ó dúró dè é kó tún dún.

Kò dún mọ́.