Ẹ̀gbà Ọwọ́ Bàbá Káfíńtà

Ọlọ́pọlọ ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti kékeré, torí kò sí rédíò tó wọ ilé wọn tí kò tú wò. Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ló kọ́, ó sì ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kan: ẹni tó bá wọ̀ ọ́, dókítà tó wà ní ìlú mìíràn á máa rí bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n á sì jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ mọ́tò.

Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ló kọ́kọ́ gbé e fún. Ẹ̀gbà náà kò yí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ọwọ́ tó ti ń di òòlù mú láti ìgbà èwe kì í ṣe ẹgbẹ́ ọwọ́ akọ̀wé. Ọlọ́pọlọ ṣe òmíràn tó tóbi, òógùn àti lẹ́búlẹ́bú pákó kó sí i nínú, ó kú pátápátá. Kò jẹ́ kó sú òun. Ó fi rọ́bà bo ojú rẹ̀, ó rán aṣọ rírọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ìyẹn ló bá Bàbá lára mu, kò sì bọ́ ọ mọ́. Ó ń ká apá aṣọ sókè kiri àdúgbò bí ọkọ ìyàwó tuntun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, dókítà pe Ọlọ́pọlọ ní ibi iṣẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkàn bàbá yín ń lù ségesège, wọn ò sì gbé fóònù."

Ara Ọlọ́pọlọ bù máṣọ. Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá Bàbá níbi tó ti ń fi ẹ̀rọ fá pákó, tó ń súfèé. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ̀gbà yín dà?"

"Télọ̀ yìí ló ní irọ́ ni mò ń pa nípa rẹ̀. Mo ní kó wọ̀ ọ́ wò, kí ẹnu rẹ̀ lè wọlé."

Télọ̀, ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré, jókòó lórí àga tí wọn ò tíì kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pọlọ fẹ́ jágbe mọ́ àwọn méjèèjì, àmọ́ ó rí i pé òógùn ti bo iwájú orí ọkùnrin náà. Ó pe dókítà padà, ó sì kọjú fóònù sí télọ̀.

"Bàbá, báwo ló ti pẹ́ tó tí àyà yín ti ń lù kìkì?" ni dókítà bi í.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu télọ̀. "Ó ti pẹ́ díẹ̀, ọmọ mi. Mo rò pé ogbó ló dé ni."

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí, dókítà sì ti bá àwọn tibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé. Oògùn tí wọ́n fún un ló mú ọkàn rẹ̀ wálẹ̀.

Ọlọ́pọlọ tún ẹ̀gbà náà ṣe, kó lè mọ ẹni tó ni ín yàtọ̀ sí àlejò. Ó wá ṣe ti télọ̀ fún un.

"Ọkàn tèmi ń lù ju tìẹ lọ," ni télọ̀ ń wí bí òun àti Bàbá ṣe ń gun òkè àdúgbò lọ.

"Kó máa lù jẹ́jẹ́ ni ìlera, aláìmọ̀kan! Ìwọ bi ẹni tó ṣe é!" ni Bàbá dá a lóhùn.

Ọlọ́pọlọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wò wọ́n. Orí rẹ̀ wú, kò sì fi í pamọ́.