Mọ́tò Tí Wọ́n Ti Fi Ránṣẹ́ sí Òkú

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Eng Hock fi dùbúlẹ̀ àìsàn ní ìlú Taiping, Swee Leong, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tọ́ dàgbà, ò yọjú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé bàbá náà ti kú, tó sì fi Mẹsidíìsì bọ̀gìnnì dúdú rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, iṣẹ́ bá tán.

Ẹ ò rí afẹ́fẹyẹ̀yẹ̀ rí! Lọ́jọ́ ìsìnkú, ilé bébà àti owó bébà làwọn mọ̀lẹ́bí yòókù sun kí òkú lè rí wọn lò lọ́hùn-ún. Swee Leong ní tòun gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ó ní kí wọ́n fi bébà ṣe Mẹsidíìsì náà gẹ́lẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀, 3838, síwájú àti sẹ́yìn. Bí iná ṣe mú un, ó figbe ta: "Bàbá, ẹ wá gba mọ́tò yín o!" Gbogbo àdúgbò gbọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ya fọ́tò.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó fẹ́ ta mọ́tò gidi náà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé nílé ìyá ìyàwó rẹ̀, owó mọ́tò yìí ló sì fẹ́ fi ra ilé tirẹ̀.

Màdáámù Saw tó ń ta wúrà ló kọ́kọ́ wá. Ó jókòó sínú mọ́tò, ó fọwọ́ pa àga aláwọ, inú rẹ̀ ń dùn. Àfi bó ṣe bọ́ sílẹ̀ tó rí nọ́ńbà.

"Ṣé kì í ṣe èyí lẹ sun?"

"Bébà nìyẹn, Màdáámù."

"Ẹnu yín lẹ kúkú fi ní kó wá gbà á. Kí n wá máa jókòó lé òkú lẹ́sẹ̀ kiri Taiping?"

"A ó pààrọ̀ nọ́ńbà."

"Ẹ máa pààrọ̀ ojú mọ́tò náà ni?"

Èèyàn mẹ́ta mìíràn wá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ló bá ku Ravindran tó ń ta àlòkù mọ́tò.

"Èmi ò bẹ̀rù òkú o, ọ̀gá. Ẹni tí mo máa tà á fún ló ń bẹ̀rù." Iye tó dá ò tó ìdajì iye tí mọ́tò náà tó.

Swee Leong fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn bi bàbá fúnra rẹ̀. Bí bàbá bá ti gbà, ẹ̀rù ò ní ba ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n lọ bá Geok Choo, obìnrin tó tọ́jú olóògbé títí tó fi kú. Ó gbé igi méjì tí wọ́n fi ń bi òkú léèrè wá. Bí ọ̀kan bá dojú bolẹ̀ tí èkejì ṣíjú sókè, òkú gbà. Bí méjèèjì bá dojú bolẹ̀, ó kọ̀. Bí méjèèjì bá ṣíjú sókè, ẹ̀rín ló ń rín.

"Bàbá mi àtàtà, ẹ jẹ́ kí n ta mọ́tò yín."

Swee Leong ju igi náà sílẹ̀: ẹ̀rín. Ó tún wọn jù: ẹ̀rín. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀rín náà ni. Ravindran náà bá ń rẹ́rìn-ín.

Geok Choo wò ó. "Swee Leong, o sun dẹ́rẹ́bà bébà mọ́ ọn ṣá?"

"Dẹ́rẹ́bà kẹ̀? Rárá, Àǹtí."

"Ta ló wá ń wà á kiri lọ́hùn-ún? Ṣé o mọ̀ pé ojú wọn ò ríran wa mọ́tò mọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún mi pé o máa wá gbé àwọn lọ wo adágún." Ó ṣa igi méjèèjì nílẹ̀. "Jẹ́ ká bi wọ́n bóyá ìwọ ni wọ́n ṣì ń retí."

Swee Leong fò dìde, ó já igi gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n!" Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí Ravindran. "Gbé e lọ! Iye tó bá wù ẹ́ ni kó o san."

Ravindran dá iye mìíràn, èyí tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Swee Leong fi igi méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn, ó ní òun gbà.